Louis Harold Gray, Ẹni Tí Ó Wá Òṣùwọ̀n fún Ìtànṣán

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rin ìrìn àjò láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn nítorí àrùn jẹjẹrẹ lè ti ṣàkíyèsí lẹ́tà méjì kan nínú ìwé aláìsàn: Gy. Nọ́ńbà ni ó máa ń ṣáájú wọn, 2 fún ìtọ́jú ọjọ́ kan, 50 tàbí 60 fún àpapọ̀ rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni lẹ́tà méjèèjì náà dúró fún. Ọkùnrin tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Louis Harold Gray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìwé ìròyìn àjọ̀dún bí irú èyí ni a ti sábà máa ń ka ìtàn àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn aṣíwájú ìlú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà ní láti mọ irú ènìyàn tí iṣẹ́ físíìsì lè sọ ọmọ tálákà dà.

Ọmọ tálákà ni Gray í ṣe lóòótọ́. Ìlú Richmond, lẹ́bàá London, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1905, òun nìkan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ sì bí. Agbára wọn kò ká ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Ohun tí ó yọ ọmọ náà ni ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ tí ó gbé e wọ Christ's Hospital, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọba Edward Kẹfà dá sílẹ̀ ní ọdún 1552 fún àwọn ọmọ òtòṣì ìlú London, tí wọ́n sì kó lọ sí Horsham ní ọdún 1902. Títí di òní olónìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wọ ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ aró tí ó dé ìsàlẹ̀ orúnkún pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rúsúrúsú. (Àwọn tí wọ́n máa ń ráhùn nípa aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà tiwa kò tíì rí tiwọn.) Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ìrànwọ́ mìíràn lọ sí Trinity College ní Cambridge, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ní ilé ìwádìí Cavendish, níbi tí Rutherford ti jẹ́ olórí. Ní ilé yìí kan náà ni Chadwick ti ṣe àwárí neutron ní ọdún 1932. Ọmọ tí ó bá wà ní irú ibẹ̀ nígbà náà, tí ó sì ní làákàyè, mọ̀ pé òkìkí wà níwájú òun.

Kí ohun tí Gray ṣe lẹ́yìn èyí tó lè yé wa, ó yẹ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, ṣàwárí ìtànṣán X-ray. Kò pé ọdún kan tí àwọn dókítà fi ń lò ó káàkiri ayé láti wo egungun, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó lè jó ara, pé ó sì lè pa jẹjẹrẹ run. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé kò sí ẹni tí ó mọ iye tí òun ń fún aláìsàn. Dókítà a na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí awọ ara aláìsàn bá pọ́n, wọ́n a ní ó ti tó. Clarence Dally, tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà, pàdánù ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí iṣẹ́ yìí kí ó tó kú ní ọdún 1904. Ní ìlú Hamburg ni wọ́n ti gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní ọdún 1936, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tí ìtànṣán pa sí ara rẹ̀.

Ní ọdún 1928 ni àwọn onímọ̀ pàdé ní Stockholm, tí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi orúkọ Röntgen pè. Ìlọsíwájú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n ni iṣẹ́ tí ìtànṣán ṣe nínú afẹ́fẹ́. Aláìsàn kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹran ara àti egungun kì í gba ìtànṣán bákan náà, wọn kì í sì í gbà á bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á. Ó dà bí ẹni tí ó ń wọ̀n òjò tí ó rọ̀ sórí òrùlé, tí ó sì fẹ́ fi ìyẹn sọ iye omi tí ó wọ inú ilẹ̀ oko.

Ibí yìí ni Gray ti wọlé. Nígbà tí ó ṣì wà ní Cambridge ni ó ti ronú ọ̀nà kan jáde, ó sì tún un ṣe ní ọdún 1936. William Bragg ti fi ọwọ́ ba èrò náà ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é. Èrò náà rọrùn láti sọ. Bí o bá fẹ́ mọ iye agbára tí ìtànṣán ń fi sílẹ̀ nínú ohun líle kan, gbẹ́ ihò kékeré sí inú rẹ̀, kí o fi afẹ́fẹ́ kún un, kí o sì ka iye iná mànàmáná tí ìtànṣán tú sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà. Láti ibẹ̀ o lè ṣírò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àyíká ihò. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan: ihò náà gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní da ìṣàn ohun tí ó ń wọ̀n rú. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìkọ̀lé mọ̀ pé kóńgò ni oníbàárà máa ń wò kí ó tó wo ẹ̀wà. Bí ìdí kóńgò bá ti wọnú, gbogbo ìṣirò ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ kò wọnú ni Gray ṣe fún àwọn dókítà.

Ní ọdún 1932 ni ó fẹ́ ìyàwó, arábìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Freye, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ní Cambridge. Àwa tí a jókòó ti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní sẹ́mínárì pẹ̀lú ojú méjèèjì, tí ìwé Gíríìkì sì ṣì fẹ́ ṣẹ́gun wa, yóò mọ irú ọpọlọ tí arábìnrin náà ní.

Ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Gray ṣe ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó fi Cambridge sílẹ̀. Ó fi ilé tí wọ́n ti ń la inú átọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó sì lọ di onímọ̀ físíìsì ní ilé ìwòsàn Mount Vernon ní Northwood, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ. Ní àkókò náà, iṣẹ́ onímọ̀ físíìsì ní ilé ìwòsàn kò ní ògo kankan. Àwọn dókítà mìíràn kà á sí atúnẹ̀rọṣe. Mo gbà pé ìpinnu yìí ni ó tóbi jù nínú ayé rẹ̀, ó ju àwọn àwárí rẹ̀ lọ.

Ní Mount Vernon ni ẹ̀wà ti wọ inú ìtàn yìí. Gray àti John Read, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kọ́ ẹ̀rọ tí ó ń mú neutron jáde sínú ahéré onípákó kan. Wọ́n hu ẹ̀wà ńlá irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jẹ́ kí ìtànṣán kọlu gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì ń wọn bí gbòǹgbò náà ṣe ń gùn lójoojúmọ́. Ẹ̀wà kò wọ́n, kì í ké, a sì lè gbin ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìtànṣán oríṣi méjì bá fi agbára tí ó dọ́gba sílẹ̀ nínú gbòǹgbò, ìpalára wọn kì í dọ́gba. Neutron a máa ṣe iṣẹ́ ibi ju X-ray lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé òṣùwọ̀n nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá mọ iye gbọ́dọ̀ mọ irú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún kan náà, ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, dókítà Robert Stone ń fi neutron tọ́jú àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Láàrin ọdún 1938 àti 1943 ó tọ́jú àwọn tí ó lé ní igba. Jẹjẹrẹ àwọn kan lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, awọ àti ẹran ara àwọn tí ó yè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́nà tí ó bani lẹ́rù. Stone fúnra rẹ̀ ni ó jáde ní gbangba lẹ́yìn ogun láti sọ pé kí á má ṣe tẹ̀ síwájú, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ó hàn pé wọ́n ti fún àwọn aláìsàn náà ní ìtànṣán tí ó pọ̀ jù, nítorí pé bí a bá pín neutron sí kékeré kékeré, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti X-ray a tún máa fẹ̀ sí i. Irú ìmọ̀ tí wọn kò ní lọ́wọ́ ni Gray ń wá lára gbòǹgbò ẹ̀wà nínú ahéré onípákó.

Àwọn òbí kan lè máa bèèrè pé kí ni ìtànṣán fi sílẹ̀ nínú ara tí ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ yani lẹ́nu. Ohun tí a ń pè ní Gray kan ni agbára joule kan tí kílógíráàmù kan ara gbà. Bí gbogbo ara ènìyàn bá gba Gray mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì sí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó gbà á ni yóò kú láàrin oṣù méjì. Síbẹ̀, bí a bá ṣírò ooru tí ó fi kún ara, kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún díígírì kan lọ. Ooru inú síbí tíì gbígbóná kan pọ̀ jù ú. Ìwọ̀n ìgbóná ara tí nọ́ọ̀sì ń lò kò lè rí i rárá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó fi ń kú láìmọ̀ pé ohun kan ń ṣe wọ́n. Ní ti fọ́tò àyà tí wọ́n ń yà ní Ìdó-Èkìtì tàbí ní ibòmíràn, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá Gray ni, kò sì sí ìdí tí òbí fi yẹ kí ó kọ̀ ọ́ nígbà tí dókítà bá ní ó tọ́. Àádọ́ta Gray tí mo mẹ́nu bà níṣàájú, ojú ibi tí àrùn wà nìkan ni wọ́n ń fi sí, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ẹ̀wà ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sí ara eku. Eku funfun kékeré inú ilé ìwádìí kò ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ, ẹnikẹ́ni lè rò pé ohun tí ó kéré báyìí ni yóò rọrùn jù láti wọ̀n. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. X-ray tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ a máa rọ̀ bí ó ti ń wọ inú ara lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn eku lè gbà ju ikùn rẹ̀ lọ. Egungun a máa fa irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ mọ́ra ní ìlọ́po ohun tí ẹran gbà, inú egungun náà sì ni a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tábìlì tí a gbé àgò lé àti ògiri yàrá a máa dá ìtànṣán díẹ̀ padà. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi ń ṣe àwòrán eku láti ara ìda tàbí ike, tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré sí inú rẹ̀, kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan eku gidi. Bí gbogbo ara eku bá gba nǹkan bí Gray méje sí mẹ́sàn-án, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà rẹ̀ bá ti rí, ìdajì wọn yóò kú láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Àlàfo tí ó wà láàrin ìwọ̀n tí gbogbo wọn fi yè àti èyí tí gbogbo wọn fi kú kò fẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ṣi ìwọ̀n pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lè kéde pé òun ti rí oògùn tí ó ń gba eku là, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò tan ìtànṣán tó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fara mọ́ pípa ẹranko nítorí ìwádìí. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni eku náà, èmi kò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tí ó pa ọgọ́rùn-ún eku láìmọ iye ìtànṣán tí ó fún wọn ti pa wọ́n lásán, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Títí di ìsinsìnyí ni àwọn olùwádìí ṣì ń kọ ìwé tí wọn kò sọ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wọn ìtànṣán tí wọ́n fún eku wọn.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, Gray kọjá sí ilé ìwòsàn Hammersmith ní London. Ó kó àwọn onímọ̀ físíìsì, onímọ̀ kẹ́míkà àti onímọ̀ nípa ohun alààyè jọ sí abẹ́ òrùlé kan, èyí tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1953, tí ó fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn tó a máa le sí ìtànṣán: láti pa wọ́n, ó lè gba ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí ó ń pa àwọn tí ó ní ọ́síjìn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti ara eku wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò, gbòǹgbò ẹ̀wà náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1955, òun àti dókítà Thomlinson wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn lábẹ́ awò amóhun-kékeré-tóbi, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì tí ó bá jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti kú, àti pé láàrin òkú àti alààyè ni àwọn kan wà tí ebi ọ́síjìn ń pa. Àwọn wọ̀nyí ni ìtànṣán kì í rí pa, tí àrùn fi ń padà. Ní ilé ìwòsàn St Thomas's, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ aláìsàn sínú àgbá ọ́síjìn kí wọ́n tó tan ìtànṣán sí i. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ pọ̀.

Kí èso iṣẹ́ yìí tó jáde tán ni òun àti olórí ẹ̀ka náà ti ń jà lórí irú ìwádìí tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe. Gray kò gbà kí wọ́n fi ìtọ́jú ojoojúmọ́ pa ìwádìí ìpìlẹ̀ tì. Ní ọdún 1953 ó kúrò. Ọkùnrin tí ó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí ayé ti mọ̀, tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àjọ British Empire Cancer Campaign fún un ní owó láti dá ilé ìwádìí tuntun sílẹ̀ ní Mount Vernon, ibi tí ó ti kúrò. Ibẹ̀ ni ó wà títí tí ó fi kú ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1965, nígbà tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Royal Society ti gbà á wọlé ní ọdún 1961. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìwádìí náà, ó sì wà ní Northwood fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e lọ sí Oxford.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìfẹ́ láti wọn ìtànṣán wọlé láti ọ̀nà ìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960 ni Faransé yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti apá ibẹ̀ ni ó ń gbé eruku wá bá wa lọ́dọọdún. Inú bí Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé aṣojú Faransé lọ sílé ní oṣù kìíní ọdún 1961. Ní ọdún 1964, ọdún kan ṣáájú ikú Gray, ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka tí ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní ọdún 1975, ìpàdé àgbáyé lórí ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n fi ẹnu kò pé kí á máa pe joule kan nínú kílógíráàmù kan ní gray. Freye kò lè fi ojú rí lẹ́tà méjèèjì náà nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n.